Gbọ̀fungbọ̀fun àti Ikọ́ Ajá ní Ilé Wa

Ọmọ méje ni ìyá àgbà mi bí ní Kabba, mẹ́fà ló tọ́. “Ọ̀fun ló pa ẹnì kan,” ìyẹn nìkan ni mo fi gbọ́njú. Ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe gbogbo agbègbè wa ní Kabba Province.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, lọ́dún 2014, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, jí lóru pẹ̀lú ikọ́ tó ń dún bí ìgbà tí ajá ń gbó. Bó bá fẹ́ mí sínú, ọ̀fun rẹ̀ á máa han. Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀, ó gbé omi kaná kí a lè fi aṣọ bo ọmọ náà lórí ooru rẹ̀. Ẹlòmíràn nínú ilé ní kí a ránṣẹ́ pe ẹni tó ń gé bélúbélú. Ìyá mi kọ méjèèjì. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó jáde lọ jókòó sí ìta nínú òtútù, mímí rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì kan fún un ní oògùn dexamethasone lẹ́ẹ̀kan péré. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń sunkún àkàrà.

Ọ̀rọ̀ bélúbélú yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ni àwọn olóólà máa ń gé, wọ́n gbà pé òun ló wú tó dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ikọ́ ajá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní croup, ìsàlẹ̀ gògóńgò ló ti ń fún ọ̀nà èémí pa. Ọ̀bẹ kò dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dà, àìsàn ipá sì lè gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé. Omi gbígbóná pàápàá lè bó ọmọ. Ní 2006, àwọn oníṣègùn ní Toronto tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé atẹ́gùn olómi kò mú ikọ́ náà sàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Gbọ̀fungbọ̀fun ni àwọn àgbà ilé wa ń pe gbogbo àrùn tó bá ń fún ọmọdé lọ́fun. Mo ti rò ó sí àìmọ̀kan tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo kà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn òyìnbó náà ṣe. Ní 1807, croup pa ọmọ àbúrò Napoleon, ọmọ ọdún mẹ́rin. Napoleon fi 12,000 owó fàráǹsì lélẹ̀ fún ẹni tó bá kọ ìwé tó dára jù lórí àrùn náà. (Ìdíje àròkọ ni, bíi tiwa yìí.) Ní 1812, Jurine ará Geneva àti Albers ará Bremen pín owó náà, ìwòsàn kò sì tíì dé. Bretonneau ní ilẹ̀ Faransé ló ya èyí tó ń hu awọ lọ́fun sọ́tọ̀, tó sọ ọ́ lórúkọ ní 1826, tí a ń pè ní diphtheria lónìí. Ní 1890 ni Behring àti Kitasato ṣàwárí ohun tó ń pa oró rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko. Kòkòrò tó sábà ń fa ikọ́ ajá kò di mímọ̀ títí di 1956.

Nígbà tí mo ka èyí tán, mo lọ bá ìyá àgbà. Mo bi wọ́n bóyá ọmọ wọn náà wúkọ́ bí ajá.

“Rárá,” ni wọ́n wí. “Ọrùn rẹ̀ wú. Nígbà tí mo la ẹnu rẹ̀, awọ kan bò ó lọ́fun, ó funfun, kì í ṣe funfun. Ó ń rùn. Ọmọ méjì ará ilé kejì kú lóṣù kan náà.”

Àrùn mìíràn ni! Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ikọ́ òru tó bá ti dún nínú ilé ni wọ́n ń bá jà bí ẹni pé òun ló pa ọmọ wọn. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dún 1952. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n ti ń wá ọkọ̀, ọmọ náà ni kò dúró de ọkọ̀. “Okun o,” ni mo lè sọ.

Ní 1979 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára ọmọdé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sì jà fún un gan-an nígbà tó jẹ́ mínísítà. Láti 2012 ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn márùn-ún ti dé, gbọ̀fungbọ̀fun aláwọ wà lára wọn. Ọmọ ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Síbẹ̀, ní ìparí 2022 àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Kano, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ pé.

Rédíò ń sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2023. Nígbà tí wọ́n dé ibi awọ tó ń bo ọ̀fun, ìyá àgbà pa á. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ wá. Wọn kò mọ̀wé, ìka ni wọ́n fi ń tọ ibi tí wọ́n fi báírò kọ nǹkan sí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n bi í bóyá ó pé. Ó ní ó pé. Wọ́n tún un kà.