Ojú Ilé Àgùdà, Inú Ilé Yorùbá

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń pe ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní ilé Bùràsíìlì, bí ẹni pé odindi ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ilé náà ló ti òkè òkun wá. Inú rẹ̀, níbi tí èèyàn ń gbé, ti ilẹ̀ Yorùbá ni. Ẹni tó kọ́lé ló ni iwájú, òun ló fi ń sọ irú èèyàn tí òun jẹ́. Ẹbí ló ni inú, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé ló sì pín yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dì ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Bùràsíìlì, ní oṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan kúrò nílùú, ẹ̀rù sì ba àwọn mìíràn tó ti ra ara wọn padà, ni wọ́n bá ń wọkọ̀ bọ̀ wálé. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Wìdà, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Èkó ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ní Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí àdúgbò tí a mọ̀ sí Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti káfíńtà wà láàárín wọn. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí wọ́n ti tà rí dé sí ìlú tí wọn kò ti mọ bàbá rẹ̀, tí kò sì ní agbo ilé kankan níbẹ̀. Kí ni yóò fi han aráyé pé òun kì í ṣe ẹrú mọ́? Ilé ni. Agbo ilé Yorùbá kọ ẹ̀yìn sí títì: ògiri amọ̀ ló wà níta, àgbàlá tí gbogbo ilẹ̀kùn dojú kọ ló wà nínú. Àgùdà yí i padà. Ó gbé ilé rẹ̀ sí etí títì gan-an, ó fi òpó, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun àti iṣẹ́ ọnà símẹ́ńtì ṣe iwájú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdílé Fernandez ní gbàgede Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ilé Omi tí João Esan da Rocha kọ́ sí òpópónà Kakawa, níbi tí aráàlú ti ń ra omi kànga. Títì pàápàá kò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́: fèrèsé òkè di ibi ìwòran nígbà tí Kàréétà, eré ìta gbangba àwọn Àgùdà, bá ń kọjá.

Bó bá jẹ́ ti Àgùdà nìkan ni, àdúgbò kan ni ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n Mohammed Shitta Bey, Mùsùlùmí ọmọ Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Sẹ̀rà Líónì, gbé iṣẹ́ mọ́sáláṣí rẹ̀ ní Èkó fún João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà. 1894 ni wọ́n ṣí i. Ní Àjàṣẹ́, Mọ́sáláṣí Ńlá tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún jọ ṣọ́ọ̀ṣì Salvador débi pé àlejò lè ṣì í mú. Àwọn tó kọ́ ọ kò rí àléébù kankan níbẹ̀, nítorí iyì ni ojú ilé náà ń sọ, kì í ṣe ẹ̀sìn.

Láti Èkó, iṣẹ́ náà wọ Ìjẹ̀bú, ó dé Ìbàdàn àti Iléṣà. Nígbà tí owó kòkó dé, olówó fi ère kìnnìún sí iwájú pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí ilé parí sí òkè. Ti ẹnì kan nìyẹn. Ẹ wá wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá tò sọ́tùn-ún tò sósì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àlejò, ibẹ̀ lọmọdé ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni ẹbí ń jókòó sí bí ọ̀rọ̀ bá dé, bí wọ́n ti ń ṣe ní àgbàlá. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, ibi ìdáná wà lẹ́yìn. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní Bahia náà. Ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ni níbẹ̀, tí wọ́n ń gbà láti pálọ̀ iwájú dé yàrá oúnjẹ. Àwa ló sọ ọ́ di ibi ìjókòó. John Michael Vlach, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ̀wé lórí ilé yìí ní 1984, kà á sí ilé ìbílẹ̀ ti ọ̀rúndún ogún, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní owó àti páànù ló ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe èrò ẹnikẹ́ni. Láìsí wọn, lóòótọ́, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kì bá tí tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ páànù àti símẹ́ńtì kan náà ni àwọn òyìnbó ìjọba fi kọ́ bọ́ńgálò sáàárín ọgbà ní Ìkòyí, ó jìnnà sí títì, ó jìnnà sí aládùúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn olówó wa kò kọ́ irú rẹ̀ nígbà náà. Èyí tó lágbára jù ni ti àwọn tó sọ pé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló tú agbo ilé ká. Òótọ́ wà níbẹ̀: ọmọ tó kọ́lé tirẹ̀ kò sí lábẹ́ ojú baálé bíi tàtijọ́ mọ́. Síbẹ̀ orí ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́ ọ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá, nígbà mìíràn níbi tí ògiri àgbàlá ti wó gan-an.

Ní 1956, ìjọba ka ilé Fernandez, tí a ti ń pè ní Ilojo Bar, mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Ó dùn mí bó ti dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn pẹ́tẹ́ẹ̀sì Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan náà ń wó, ṣọ́ọ̀bù ń gba ipò wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo. Bí a kò tilẹ̀ lè dá gbogbo wọn sí, ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì wa lọ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, kí wọ́n ya bí yàrá ṣe tò, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tó ń sùn níbi kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti dáhùn.