Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìjọ Àgùdà àti Ìgbàlà Àwọn Baba Wa



Ìbéèrè kan wà fún àwa tí a ń bọ òrìṣà ní Atlanta, pàápàá àwa tí ìyá wa ṣì ń lọ sí Máàsì: níbo ni Ìjọ Àgùdà sọ pé àwọn baba ńlá wa wà? Àwa ọmọ wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn náà ká tó dáhùn.

Ní ọdún 1912, Fadá Ignatius Lissner dá ìjọ Our Lady of Lourdes sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú nítòsí Auburn Avenue ní Atlanta. Ọmọ ẹgbẹ́ SMA ni, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló rán Fadá Francesco Borghero lọ sí Ouidah ní 1861, àwọn náà ló sì gbé iṣẹ́ dé Èkó. Ẹ rí i pé àwọn tó pe òrìṣà ní iṣẹ́ Sátánì ní etíkun wa náà ló wá wàásù fún ọmọ ọmọ ẹrú ní Georgia.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé dání ti pẹ́. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Áfíríkà, tó kú ní 258, ló kọ ọ́ pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn ìjọ. Àwọn tó ya kúrò nínú ìjọ ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n ní 1442, Àpérò Florence fẹ̀ ẹ́ sí i: abọ̀rìṣà, Júù àti ẹni tó ya kúrò, iná àìnípẹ̀kun ni tiwọn bí wọn kò bá wọlé kí wọ́n tó kú. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Potogí láṣẹ láti kó àwọn kèfèrí lẹ́rú. Bí ẹ̀kọ́ àti òwò ṣe jọ ń rìn nìyẹn, títí tí wọ́n fi ń ri àwọn baba wa bọmi ní Kúbà àti Brasil láì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ní 1863, Póòpù Pius Kẹsàn-án sọ pé ẹni tí àìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, tó ń gbé ìgbé ayé rere, lè rí ìyè. Fadá Leonard Feeney ní Boston kọ̀ jálẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Róòmù bá a wí ní 1949, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ ní 1953 nítorí àìgbọràn. Ní 1964 ni Àpérò Vatican Kejì gbé Lumen Gentium jáde. Paul Hallinan, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Atlanta, wà lára àwọn tó jókòó níbẹ̀. Ìpín 16 sọ pé ẹni tí kò mọ ìhìn rere, tó ń fi òtítọ́ ọkàn wá Ọlọ́run, lè rí ìgbàlà. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì dúró ní Gorée, ó bẹ Ọ̀run fún ìdáríjì nítorí òwò ẹrú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bá àwọn aṣáájú Vodun pàdé ní Cotonou.

Àwọn baba wa rí àyè níbẹ̀. Àwa tí wọ́n rì bọmi ní kékeré, tí a padà sídìí òrìṣà, ńkọ́? Ìpín 14 ìwé kan náà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyá wa: ẹni tó bá mọ̀ pé dandan ni ìjọ náà, tó kọ̀ láti dúró síbẹ̀, kò lè rí ìgbàlà. Nítorí náà, bí ìyá bá ń sunkún, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfẹ́ ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan hàn án nínú ìwé rẹ̀: “mọ̀.” Ẹni tí kò dá a lójú pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà kò tíì kọ ohun tó mọ̀.

Ní tiwa, ìwé àṣẹ Róòmù kọ́ ni àwọn baba wa ń dúró dè. Ẹni tó hùwà rere, tó gbó, tó tọ́, tí ọmọ rẹ̀ sin, á padà wá bí Babátúndé tàbí Yétúndé. Bí ìyá bá gbàdúrà fún yín, ẹ ṣe àṣẹ.

Àbọyè, àbọṣíṣẹ.