Bí Típà Àlòkù Ṣe Gba Ọjà ní Nàìjíríà

Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 ló mú kí iṣẹ́ típà gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Títì àti ilé tí wọ́n ń kọ́ ń pọ̀ sí i, gbogbo wọn ló sì nílò yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Mercedes-Benz 911 onímú gígùn láti Jámánì ni ọ̀pọ̀ onítípà yàn, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣòro tú, mẹkáníìkì sì mọ̀ ọ́n tinú tòde. Ní 1980, ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes pọ̀.

Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti 1986, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tòkunbọ̀, ìyẹn ọkọ̀ àlòkù, láti Yúróòpù ló kù tí ọwọ́ lè tó. Ẹni tówó rẹ̀ kò pé a máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ olówó, a máa fi ṣiṣẹ́, a sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Kí olùrà tó sanwó, mẹkáníìkì rẹ̀ á yẹ ẹ́ńjìnnì wò, á wò ó bóyá wọ́n ti jó ṣaasí pọ̀ rí, á sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè láti mọ̀ bóyá jáàkì tó ń gbé e ń jo epo. Nígbà tó yá, típà onítáyà mẹ́wàá láti Ṣáínà, bíi Sinotruk, gba iṣẹ́ ẹrù ńlá lọ́wọ́ 911.