Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Ìtàn Láàbù Àwa Ọmọ Civil

Ẹ̀yin èèyàn mi nínú ọgbà yìí, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní 200 level, wọ́n kó wa lọ sí láàbù láti fọ́ kọnkéré. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwa tí a yí i ká sì lé ní ogún. Àwọn tó ga rí nǹkan. Ẹ̀yìn àwọn tó ga ni èmi rí. Nígbà tó dalẹ́, mo yá ìwé ẹni tó ṣáájú wa, mo da nọ́ńbà inú ẹ̀ kọ, mo yí ọ̀kan méjì padà kó má baà jọra jù. Máàkì tí mo gbà dáa gan-an. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ìgbà tí mo lọ ṣe IT ni ẹni tó máa bi mí dé. Wọ́n ń da dẹ́kìn lọ́jọ́ náà. Fóòmàn wa, àgbàlagbà kan tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, pè mí: "Ẹnjiníà wa, wá wò ó o, ṣé omi inú kọnkéré yìí ò ti pọ̀ jù?" Mo wò ó títí. Mo mọ fọ́múlà, àmọ́ ọwọ́ mi ò kan kọnkéré tútù rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lè sọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bù ú sọ́wọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ má da omi sí i mọ́. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bí láàbù ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó mú kí wọ́n máa kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀.

Kí láàbù tó dé, ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló wà. Nílẹ̀ Britain láyé ọjọ́un, ẹni tó bá fẹ́ di ẹnjiníà á sanwó fún ọ̀gá kan, á máa tẹ̀ lé e káàkiri, bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ àti ti mẹkáníìkì ṣe ń tẹ̀ lé ọ̀gá wọn nílé wa. Bàbá wa Herbert Macaulay, tí gbogbo wa mọ̀ sí olóṣèlú, gba irú ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dún 1890 ni wọ́n wọkọ̀ ojú omi kúrò l'Ékòó lọ sí Plymouth. Wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ G. D. Bellamy, tó ń bójú tó ilẹ̀ wíwọ̀n àti omi ìlú náà, wọ́n sì padà wálé lọ́dún 1893. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ dáa, ọwọ́ ẹni á kan iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ohun tí ọ̀gá bá mọ̀ lọmọ iṣẹ́ máa mọ̀. Bí ọ̀gá bá ń fojú díwọ̀n, ọmọ náà á máa fojú díwọ̀n. Bí ọ̀gá bá ṣì í, àṣìṣe náà di ogún.

Lọ́dún 1878, nǹkan méjì ṣí ní Britain. Èkíní ni afárá reluwé orí odò Tay ní Scotland, tó gùn tó bíi máìlì méjì. Thomas Bouch ló ya àwòrán ẹ̀, Ọbabìnrin Victoria sì fi í joyè Sà lọ́dún 1879. Èkejì ni yàrá kan ní University College, London, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexander Kennedy ti kó ẹ̀rọ sí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara wọn dán irin wò, kí wọ́n sì kọ ohun tí ojú wọn rí. Ó wà lára àwọn láàbù ẹnjiníà tó kọ́kọ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́.

Afárá yẹn ò pé ọdún méjì. Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù December 1879, ìjì dé, àárín afárá wó sódò pẹ̀lú reluwé tó ń kọjá lórí ẹ̀. Ẹnì kan ò yè nínú èrò ọkọ̀ náà. Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó àjákù irin lọ bá David Kirkaldy ní Southwark, London. Láti àárín ọdún 1860 sí 1870 ni Kirkaldy ti ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fi agbára omi fa irin títí á fi já. Ohun tó kọ sókè ilẹ̀kùn ilé ìdánwò ẹ̀ ni pé òkodoro ni, kì í ṣe àbá. Àwọn etí irin tí wọ́n fi so ọ̀pá mọ́ òpó afárá já nídìí ẹ̀rọ ẹ̀, ẹrù tó já wọn sì kéré gan-an sí èyí tí wọ́n rò pé wọ́n lè gbà. Lọ́dún 1880, ìdájọ́ jáde: àwòrán ẹ̀ ò dáa, kíkọ́ ẹ̀ ò dáa, ìtọ́jú ẹ̀ ò dáa. Bouch kú lọ́dún kan náà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ẹ̀rọ wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkú ni wọ́n tó gbé irin náà lọ síbẹ̀.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí òyìnbó lówó, ẹ̀rọ wọn pé." Ẹ gbọ́ ti Karl Terzaghi. Ọdún 1916 ló dé Istanbul, ní Turkey, láti wá kọ́ àwọn ẹnjiníà. Lẹ́yìn ogun, ó bọ́ sí Robert College nílùú náà, kò sì sí láàbù ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó fi àpótí sìgá àti pàǹtí tí wọ́n ti dà nù to ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, ó ń gbé ẹrù lé amọ̀ tútù, ó ń wò ó. Ó rí i pé omi inú amọ̀ ló kọ́kọ́ ń ru ẹrù náà. Bí omi yẹn bá ṣe ń jò jáde díẹ̀díẹ̀ ni amọ̀ ń rì. Ìdí nìyẹn tí ilé fi lè dúró dáadáa lónìí, kó máa rì lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó tẹ ìwé lé e lórí lọ́dún 1925, ohun tí à ń pè ní soil mechanics sì gbòde.

Arthur Casagrande bá Terzaghi ṣiṣẹ́ l'Ámẹ́ríkà. Òun ló ṣe abọ́ idẹ kékeré tí à ń gbá nígbà 25 nínú liquid limit. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá abọ́ náà, ọwọ́ èèyàn méjì ò sì dọ́gba. Nígbà tí abọ́ yẹn bá tún ń sú yín, ẹ rántí ohun tó tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Nílé wa ńkọ́? Yaba Higher College ṣí lọ́dún 1934, ṣùgbọ́n igbákejì ẹnjiníà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Èkó sì pariwo pé ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ò tó ti ìlú òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria gba ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, ó sì di Ahmadu Bello University lọ́dún 1962. Lọ́dún 1971, ìjọba dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Nígbà tó di 1973, SIWES dé, torí wọ́n rí i pé ọmọ iléèwé ń jáde láìmọ ojú iṣẹ́. SIWES yẹn ni IT tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ fóòmàn.

Síbẹ̀, ilé ń wó. Ní Ìta Fáàjì l'Ékòó, ọjọ́ 13 oṣù March 2019, ilé tí iléèwé wà nínú ẹ̀ wó, èèyàn 20 kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. L'Íkòyí, ọjọ́ 1 oṣù November 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Mi ò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó da èsì kọ ló wó wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń da kọnkéré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè fóòmàn mi.

Nígbà tí mo ti IT dé, àwa márùn-ún bẹ ẹni tó ń tọ́jú láàbù kó ṣílẹ̀kùn fún wa ní Sátidé. Slump test la ṣe. Kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá: kóònù irin tó ga ní 300 mm, ọ̀pá irin, àti rúlà. Èèyàn á rọ kọnkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, á gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, á fa kóònù sókè, á wọn bó ṣe wálẹ̀ tó. Tiwa àkọ́kọ́ ya dànù bí ọ̀gì. Omi ti pọ̀ jù. A kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a tún òmíràn pò.

Bí fóòmàn bá tún pè mí lónìí, màá bẹ̀rẹ̀, màá bù ú sọ́wọ́, màá sì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé kóònù wá."