Ohun tí ó wà lábẹ́ Kakí: Àmì Ẹ̀sìn àti Aṣọ Ọmọ-ogun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Nígbàkúùgbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí híjáàbù àwọn ọlọ́pàá obìnrin tàbí síkẹ́ẹ̀tì àwọn àgùnbánirọ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé aṣọ ìjọba kò ní ẹ̀sìn, àti pé ẹni tí ó bá fi àmì ẹ̀sìn kún un ti bà á jẹ́. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Àmì ẹ̀sìn ti wà lára aṣọ ogun ní ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó ń yí padà ni ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé èyí jẹ́ ara aṣọ, tọ̀hún sì jẹ́ àfikún.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara èdè. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tí ènìyàn ń fi sí ara. A ń wọ ẹ̀wù, a ń dé fìlà, a ń wé láwàní. Ṣùgbọ́n a ń so ońdè mọ́ ìbàdí, a sì ń fi tírà kọ́ ọrùn. Ohun tí a wọ̀ àti ohun tí a dé wà lójú gbogbo ayé. Ohun tí a so tàbí tí a fi kọ́ ọrùn lè wà lábẹ́ aṣọ, kí ojú má tó o. A óò rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òkè aṣọ àti abẹ́ aṣọ yìí ni òpó ìtàn náà.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, kò sí ohun tí jagunjagun ń fi pa mọ́. Oògùn àti tírà ni wọ́n ń rán mọ́ ẹ̀wù ogun lára. Ọ̀rọ̀ náà, tírà, ní ìtàn tirẹ̀: inú èdè Songhai ni ó ti wá, níbi tí ó ti jẹ mọ́ ìwé, ó sì bá ẹ̀sìn Ìmàle wọ inú èdè wa. Oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, pé a máa ń sín igba gbẹ́rẹ́ ó lé kan sí Kakaǹfò lórí, ó sì ní fìlà ìyẹ́ ayékòótọ́ pupa àti bàǹtẹ́ awọ ẹkùn. Síbẹ̀, Mùsùlùmí ni Látóòsà ti Ìbàdàn, tí ó wà lórí oyè náà títí ó fi kú ní ọdún 1885.

Nígbà tí àwọn amúnisìn dé, wọ́n mú aṣọ tiwọn wá. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Hausa tí John Glover kó jọ ní Èkó láàrin ọdún 1860 sí 1870 wà lára ìpìlẹ̀ ohun tí ó di Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wọ kakí, wọ́n sì dé fìlà pupa. Fìlà yìí kì í ṣe ohun tí kò ní ẹ̀sìn. Ilẹ̀ Tọ́kì ni ó ti di fìlà ọmọ-ogun, lábẹ́ Sultan Mahmud Kejì, ní nǹkan bí ọdún 1827. Ara ohun tí ó jẹ́ kí ó tẹ́ Mùsùlùmí lọ́rùn ni pé kò ní etí tí ó yọ síwájú, iwájú orí sì lè kan ilẹ̀ nígbà ìforíkanlẹ̀. Fìlà tí a dé di aṣọ ìjọba. Tírà tí a fi kọ́ ọrùn wọ abẹ́ kakí lọ.

Ogun Kamẹrúùnù jẹ́ kí á rí èyí dáadáa. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1914, àwọn ará Jámánì jọ̀wọ́ ìlú Douala fún àwọn ọmọ-ogun tí Charles Dobell jẹ́ olórí wọn, àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù Kẹwàá, ogun tẹ̀ síwájú sí ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà, ìhà ibi tí àdúgbò Logbaba wà lónìí, títí dé afárá Japoma, èyí tí àwọn ọmọ-ogun Faransé gbà. Ẹgbẹ́ tí àwọn Faransé fi ń jagun ní ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Tirailleurs Sénégalais, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1857. Fìlà pupa ni àwọn náà ń dé, a sì mọ̀ wọ́n mọ oògùn ìṣọ́ra tí wọ́n ń so mọ́ ara. Ìjọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ran aṣọ, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni: ti òkè jẹ́ ti ìjọba, ti abẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀sìn náà kò ṣàì yá aṣọ ogun lò. Salvation Army, ìjọ tí ó ń wọ aṣọ bíi ti ọmọ-ogun, dé Èkó ní ọdún 1920. Lọ́wọ́ kejì, àmì Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí ó dá lórí ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run àti ìṣẹ́gun lára. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí àmì ẹ̀sìn mọ́, títí agbẹjọ́rò kan fi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Èkó ní ọdún 2020.

Òfin 1973 ni ó dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ó sì fi kakí wọ àwọn ọ̀dọ́ tí kì í ṣe ọmọ-ogun. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, wọ́n lé àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì kúrò ní àgọ́ ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀bọ́ńyì nítorí pé síkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀ dípò ṣòkòtò. Ìyà yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ni kì í gba ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí ètò náà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2022, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, Usman Alkali Baba, gbà kí àwọn ọlọ́pàá obìnrin máa lo híjáàbù lábẹ́ fìlà wọn. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà, lábẹ́. Híjáàbù rí àyè nítorí pé fìlà ìjọba ṣì wà lókè rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì kò rí àyè nítorí pé kò lè wọ abẹ́ ohunkóhun: ṣe ni ó gba ipò ṣòkòtò.

Àwa nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Júù kan tí ó jẹ́ ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú, Goldman, máa ń fi fìlà ìjọba bo fìlà ẹ̀sìn rẹ̀ bí ó bá wà níta, kò sì sí wàhálà fún ọdún bí i mélòó kan. Ìgbà tí wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó dé e nínú ilé láìfi nǹkan bò ó ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá a lẹ́bi ní ọdún 1986, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Ní ọdún 1987, àwọn aṣòfin ṣe òfin tí ó fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Àbújá dá ẹjọ́ pé fífi agbára mú àgùnbánirọ̀ obìnrin wọ ṣòkòtò lòdì sí ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn wọn, ó sì ní kí a san ₦500,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó pe ẹjọ́ náà. Ìtumọ̀ ìdájọ́ yìí ju ti owó lọ. Àyè tí a ń fún ẹ̀sìn tẹ́lẹ̀, abẹ́ aṣọ ni. Ti ìgbà yìí kan aṣọ fúnra rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní èdè àti ìtàn yẹra fún bíbéèrè bóyá aṣọ ìjọba ní ẹ̀sìn tàbí kò ní. Ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: àmì ta ni a ti rán mọ́ ọn tipẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa kò rí i mọ́, àmì ta sì ni a ṣì ń ní kí ó lọ wà lábẹ́? Ẹni tí ó bá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí kí ó tó lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò ní àgọ́ yóò mọ̀ pé fìlà pupa àná pàápàá ní ẹ̀sìn tirẹ̀.