Aṣáájú kì í ṣe ọ̀gá

Ẹni tó bá ti ní àga ńlá níbi iṣẹ́, aṣáájú ni a ń pè é báyìí. Mi ò fara mọ́ ọn. Ṣe àti iwájú ló lẹ̀ mọ́ra di ṣáájú. A- tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di orúkọ ẹni. Ẹni tó kọ́kọ́ rin ọ̀nà ni, tàbí ẹni tí à ń tẹ̀ lé lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ wo àwọn oníṣòwò Yorùbá tó tẹ̀dó sí Tamale ní àríwá Gánà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí. Ẹni tó ti débẹ̀ á ránṣẹ́ pe àbúrò, á fi ọjà hàn án, á sì tún gbà á sílé. Ẹni tó ń kọ́ni nídìí àtẹ náà ló ń pín oúnjẹ lálẹ́. Kò sí ibi tí ìwà rẹ̀ fẹ́ sá pamọ́ sí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ló tú.

Àpẹẹrẹ ìlò aṣáájú nínú gbólóhùn: "Bọ̀dá ni aṣáájú wa ní Tamale, àwọn ló mú wa mọ ọjà."

Ọ̀gá ni ẹni tó juni lọ nídìí iṣẹ́. Olórí ni ẹni tí wọ́n fi ipò lé lọ́wọ́. Ènìyàn lè jẹ́ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi aṣáájú sílẹ̀ fún ẹni tó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà.