Ohun Tí Ilẹ̀ Fún Wa, Ẹ Jẹ́ Kí Ó Padà Sí Ilẹ̀

Ẹ̀yin ará Bantè, ẹ̀yin ará Savalou! Ilẹ̀ iṣu wa ń ṣá. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe tí ilẹ̀ fi bọ́ wọn pẹ́.

Ní ilẹ̀ Jàpáànù, láti ọdún 1603 títí di 1868, ìdílé Tokugawa ni ó ń ṣe àkóso. Edo ni ìlú ńlá wọn. Òun ni à ń pè ní Tokyo lónìí. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan. Ọjà òkèèrè tí ó ń wọlé kò pọ̀. Ilẹ̀ tiwọn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà wọn kì í fi nǹkan ṣòfò.

Bí aṣọ àgbà bá gbó, wọn a gé e rán fún ọmọdé. Bí ó bá tún gbó, a di àkísà. Bí àkísà bá gbó, wọn a fi dáná. Àwọn kan ń ra eérú kiri láti ilé dé ilé, àgbẹ̀ a sì fi sí oko.

Àwọn baba wa náà ní ọgbọ́n tiwọn. Iṣu ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbìn sí ilẹ̀ tuntun. Àgbàdo, ọkà bàbà tàbí ẹ̀gẹ́ a tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ a sinmi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ń ṣán oko, wọn kì í gé igi òrí àti igi irú. Èèpo iṣu di oúnjẹ ewúrẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ di ajílẹ̀.

Lónìí, ènìyàn pọ̀ sí i, oko kajú sì gba ilẹ̀. Ilẹ̀ kò rí ìsinmi bíi ti àtijọ́. Bí a kò bá bọ́ ọ, kí ni a ó gbé jáde ní ọdún iṣu Savalou, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ?

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ má ṣe sun koríko oko. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ebè.

2. Ẹ gbẹ́ kòtò. Ẹ kó èèpo, ewé, ìgbẹ́ ẹran àti eérú díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe kó ọ̀rá sí i. Ẹ máa yí i títí yóò fi jẹrà dáadáa.

3. Ẹ gbin ẹ̀wà tàbí òtílí sí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Wọ́n ń dá agbára padà fún ilẹ̀.

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ń bá a pè é. Ẹ má ṣe pe èèpo àti eérú ní ìdọ̀tí mọ́. Oúnjẹ ilẹ̀ ni wọ́n.